"Mò Ń Bọ̀" Tí O Ò Padà Wá: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Ṣe Lè Bá Aláìsàn Àtàwọn Èèyàn Ẹ̀ Sọ̀rọ̀ Lórí Wọ́ọ̀dù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wá ṣe pósítìn (ìdánrawò iṣẹ́ lórí wọ́ọ̀dù) lọ́dọ̀ wa, wọ́n mọ BP (ìfúnpá) í wọ̀n, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ṣíìtì tí aláìsàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òmíì nínú wọn lè ka orúkọ egungun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ fún ẹ. Ibi tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu ni kí ìyá kan dì wọ́n lọ́wọ́ mú kó ní "nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yìí ń dùn mí ju ti àná lọ." Wọ́n á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mò ń bọ̀." Wọ́n á lọ, wọn ò ní padà. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ọmọ ìyá yẹn ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti sá lọ sunkún níbi tá a ti ń da ìtọ̀ nù.

Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé mo pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn lójúkojú.

Ohun tó o máa nílò

- Jótà kékeré tó wọ àpò yunifọ́ọ̀mù àti báírò méjì, torí ẹnì kan máa yá ọ̀kan kò sì ní dá a padà.
- Aago tó ní ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Má fi fóònù dípò ẹ̀. Tí aláìsàn bá rí ẹ tó o tẹjú mọ́ fóònù níwájú òun, kò mọ̀ pé aago lò ń wò, WhatsApp ló máa rò.
- Káàdì orúkọ ẹ, kó kọjú síta.
- Orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ẹ lọ́jọ́ yẹn. Kọ ọ́ sínú jótà kó o tó ṣe ohunkóhun.
- Oúnjẹ nínú ikùn. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa.
- Mọ ohun tí kì í ṣe tìẹ láti sọ: èsì àyẹ̀wò, orúkọ àìsàn tí dókítà ò tíì sọ fún aláìsàn, àti ìròyìn ikú. Bó o bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ló ti yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

1. Wo ara ẹ kó o tó wọlé

Dúró níta wọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú méjì kó o bi ara ẹ pé, kí ló ń ṣe mí báyìí? Má dáhùn pé kò sí nǹkan o. Pè é lórúkọ: ṣé àyà mi ń já ni, ṣé ojú ń tì mí torí ìbéèrè tí mátírọ́ọ̀nù bi mí lójú gbogbo èèyàn tí mi ò mọ̀ ọ́n, ṣé inú ń bí mi, ṣé ó ti rẹ̀ mí, àbí ebi ni? Wọn ò jọra, oògùn wọn náà ò sì jọra. Ebi, lọ jẹun. Ìtìjú, kọ ìbéèrè yẹn sínú jótà kó o lọ kà nípa ẹ̀ lálẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbínú tàbí àyà jíjá, èémí ni kó o kọ́kọ́ bójú tó. Mí sínú kó o ka 4, mí síta kó o ka 6, ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó ń jáde ni kó gùn jù, òun ló ń jẹ́ kí ọkàn rọra máa lù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n jágbe mọ́ ẹ lọ́fíìsì, ìwọ náà wá gbé ojú yẹn wọlé tọ ìyá tó kàn ní kó o bá òun gbé ìrọ̀rí sókè. Ìyá yẹn ò sí níbi tí wọ́n ti jágbe mọ́ ẹ.

Bó o ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́: èjìká ẹ ti sọ̀kalẹ̀ kúrò létí, eyín ẹ ò fún mọ́ra, o sì lè kọ orúkọ ara ẹ sínú jótà láìjẹ́ pé ọwọ́ ń gbọ̀n.

2. Kí wọn, kó o sọ orúkọ ẹ

Ó ya èèyàn lẹ́nu iye aláìsàn tó máa lo ọ̀sẹ̀ kan lórí wọ́ọ̀dù láìmọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan. Lọ́dún 2013, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kate Granger, tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, dùbúlẹ̀ sọ́sibítù, ó wá rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òun ni kì í sọ orúkọ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ máa sọ orúkọ wọn fún aláìsàn. Ó kú lọ́dún 2016, wọn ò sì tíì dá ìpolongo ẹ̀ dúró.

Tiwa rọrùn, torí ìkíni ti wà lára wa tẹ́lẹ̀. Sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, rọ eékún díẹ̀ tó bá jẹ́ àgbàlagbà, jẹ́ kí ojú ẹ àti tiwọn ṣe déédéé, má dúró lókè orí wọn. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ rí oorun sùn lánàá? Fúnmi lorúkọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mo máa wà pẹ̀lú yín títí di aago méjì. Orúkọ wo lẹ fẹ́ kí n máa pè yín?" Kó o wá pa ẹnu dé. Tí ẹnì kan bá jókòó tì wọ́n láti àná, kí òun náà, "ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú." Gbólóhùn kékeré yẹn ti pa ìjà kó tó bẹ̀rẹ̀ lójú mi rí.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, "ẹ" ni kó o máa pe gbogbo àgbàlagbà tó jẹ́ aláìsàn, títí kan ẹni tó kéré sí ẹ lọ́jọ́ orí, torí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ níwájú àlejò ti pàdánù ọ̀wọ̀ tó tó tẹ́lẹ̀. Ìkejì, má pe èèyàn ní "bẹ́ẹ̀dì 6", kódà tó o bá rò pé wọn ò gbọ́. Ìkẹta ló le jù: ka fáìlì kó o tó pe obìnrin ní "Ìyá Ìkókó" tàbí "Màmá Ìbejì". Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ẹ̀rín wọlé tọ obìnrin kan tí ọmọ ẹ̀ kú lóru, ó ní "Ìyá Ìkókó, ọmọ dà?" Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gba irú ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Tí aláìsàn ò bá gbọ́ Yorùbá, wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè wọn. Má fi ọmọ kékeré wọn ṣe ògbifọ̀, má sì lo aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọ̀rọ̀ ara èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo wọ́ọ̀dù.

Àyẹ̀wò: nígbà tó o bá padà wá, tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ dípò "nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì", o ti ṣe é.

3. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán

Má bi wọ́n ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" àbí "rárá" máa parí. "Ṣé ó ń dùn yín?" ò tó. "Ẹ sọ fún mi, báwo ló ṣe ń ṣe yín?" Lẹ́yìn náà dákẹ́, ka 1 dé 5 nínú ara ẹ. Ó máa ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ti ń jáde.

Kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò gan-an sílẹ̀, má tètè tú u sí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ẹ. Ẹni tó ní "àyà mi ń já" lè máa bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ọ̀la, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ẹ̀ ló ń sáré lóòótọ́, wàá bi í, "ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni, àbí ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń lù kìkìkì?" Kó o sì di ọwọ́ wọn mú kó o ka pọ́ọ̀sì, ìyẹn iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ní "inú mi ò dára" lè ní inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, tàbí kí ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ tó dùn ún. Obìnrin tó bá ní "abẹ́ ikùn ń dùn mí" lè máa wá ọ̀nà bó ṣe máa sọ fún ẹ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara òun, pàápàá tí ọkùnrin bá wà nítòsí. Fa kọ́tìnì kó o tó bi í.

Fún ìrora, lo òdo dé 10: òdo ni kò dùn rárá, 10 ni èyí tó burú jù tí wọ́n lè rò. Màmá àgbà tí nọ́ńbà ò bá yé, ní kí wọ́n fi ìka ọwọ́ mẹ́wàá hàn ẹ́. Ọmọ tó ti tó ọdún 3, àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín dé ojú tó ń sunkún ni kó o fi hàn án, kó nawọ́ sí èyí tó jọ tiẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni "ẹ pẹ̀lẹ́". Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, àmọ́ púpọ̀ nínú wa ti ń fi ṣe ilẹ̀kùn, èèyàn ò tíì sọ ìdajì, a ti ní "ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò yín sàn" ká lè ráyè lọ. Bá wọn ṣe àmín, ó yẹ bẹ́ẹ̀, kó o wá ní "ibo gan-an ló ti ń dùn yín?"

Àyẹ̀wò: tún un sọ fún wọn. "Mà, ẹ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti ìdájí, 8 nínú 10, ó sì burú sí i tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣé mo gbọ́ yín yé?" Tí wọ́n bá mi orí tí wọn ò fi nǹkan kan kún un, o gbọ́ ọ yé. Tí wọ́n bá ní "ó kù o", jókòó.

4. Sọ ohun tó o fẹ́ ṣe kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n, kó o sì rí i pé ó yé wọn

"Mo fẹ́ fi nǹkan yìí wé apá yín, ó máa fún díẹ̀, kò ní pẹ́ tú. Ṣé kí n ṣe é?" Dúró kí wọ́n dáhùn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni ìbéèrè "ṣé ó yé yín?" Màmá tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, tí ò gbọ́ nǹkan kan nínú àlàyé ẹ, á ní "ó yé mi, ọmọ mi, ẹ ṣé" torí kò fẹ́ kó dà bíi pé o ò mọ iṣẹ́, òun náà ò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní púrúǹtù. Gbé e gba ibòmíì: "Mà, tẹ́ ẹ bá délé tí ọmọ yín bá bi yín bẹ́ ẹ ṣe máa lo oògùn yìí, báwo lẹ ṣe máa sọ fún un?" Ohun tó bá jáde lẹ́nu wọn ni àyẹ̀wò ẹ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lódì, àlàyé tìẹ ni kò dáa tó, tún un ṣe láìkanra.

5. Bí wàá ṣe kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o kà lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé, "mò ń bọ̀" kì í ṣe irọ́. Ọ̀nà tá a fi ń dìde níwájú èèyàn láìṣe bí ẹni tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, a kì í fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé "mò ń lọ" kó wá dà bí ẹni pé ó pin. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó ní òun ń bọ̀ lè má padà títí ọ̀la. Àmọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀, tí dírìpù so mọ́ lọ́wọ́, tí ò lè dìde lọ wá ẹ, kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìlérí ló gbọ́. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, bàbá kan tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní kí n bá òun bu omi. Mo ní "mò ń bọ̀ sà." Bí mo ṣe yíjú báyìí wọ́n rán mi lọ sí famasí, láti famasí wọ́n ní kí n gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí lábù, èèyàn tò níbẹ̀, nígbà tí mo fi máa padà ó ti lé ní wákàtí méjì. Bàbá ti gbìyànjú láti dìde bù ú fúnra wọn, dírìpù ti fà yọ, ẹ̀jẹ̀ ti ta sára bẹ́ẹ̀ṣíìtì. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní "mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni." Mi ò tíì fi "mò ń bọ̀" lásán sílẹ̀ lọ́dọ̀ aláìsàn kankan látọjọ́ yẹn.

Nǹkan mẹ́ta ni kó o sọ dípò ẹ̀: ibi tó ò ń lọ, ìgbà tó o máa dé, àti ẹni tí wọ́n lè pè tó o bá pẹ́. "Mà, mo fẹ́ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lù yìí, tó bá fi máa di mẹ́wàá ààbọ̀ mo ti padà. Tẹ́ ẹ ò bá rí mi, ẹ pe ẹni tó wọ aṣọ búlúù lọ́hùn-ún yẹn." Kọ "10:30, bẹ́ẹ̀dì 6, ẹsẹ̀" sínú jótà níwájú wọn, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ tó ò ń kọ ọ́.

Kó o wá padà ní 10:30, *kódà lọ́wọ́ òfo*. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà nìyí: dókítà ò tíì dé, oògùn ò sí, ojú ń ti akẹ́kọ̀ọ́ láti padà láìmú nǹkan kan bọ̀, ló bá gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù kọjá. Aláìsàn rí ẹ o. Padà lọ sọ pé "wọn ò tíì dé mà, mo ti sọ fún wọn, máa tún wá lágogo mọ́kànlá." Tí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́ míì láàárín, sọ fún ẹni tó rán ẹ pé o ṣèlérí fún aláìsàn, tàbí kó o bẹ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ kó bá ẹ lọ sọ fún wọn.

Àyẹ̀wò: nígbà tó o bá ń parí ṣíífìtì, ṣí jótà. Gbogbo aago tó o kọ síbẹ̀, ṣé o ti fagi lé e? Èyí tó kù, lọ ṣe é kó o tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù.

6. Bó o ṣe máa gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà

Ọ̀pọ̀ ló máa lọ sọ pé "Mà, màmá bẹ́ẹ̀dì 6 ní ó ń dùn àwọn", mátírọ́ọ̀nù á ní "ó dáa", ó parí síbẹ̀. Lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní SBAR, lẹ́tà mẹ́rin tó dúró fún Situation, Background, Assessment, Recommendation lédè Gẹ̀ẹ́sì: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni ìwọ rí, kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe.

"Mà, Màmá Adéníkẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀dì 6, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn wọ́n láti ìdájí, 8 nínú 10. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìyí, wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ rìn. Mo wò ó, àmù ẹsẹ̀ yẹn wú ju ti òsì lọ, ó gbóná, pọ́ọ̀sì wọn 104. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò ó báyìí."

Kò gba ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì gbóná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan, tó lè ṣí lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Torí ẹ̀, kí àwọn ará ilé má fi Róòbù wọ́ ọ o, ìwọ náà má bá wọn wọ́ ọ. Sọ fún wọn pẹ̀lú sùúrù, torí ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é.

Mímí náà, fi ìṣẹ́jú kan gbáko kà á, má méfò. Tí àgbàlagbà bá ń mí ju ìgbà 20 lọ tàbí kò pé 12, lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni àyà dídùn.

Àyẹ̀wò: nọ́ọ̀sì àgbà dìde, tàbí ó sọ ohun tó fẹ́ kó o ṣe àti ìgbà tó fẹ́ kó o ṣe é. Tí kò bá sí nínú méjèèjì, tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn sọ.

7. Nígbà tí ará ilé bá ń bínú

Rò ó wò: wọ́n ti ra ìbọ̀wọ́, wọ́n ti ra abẹ́rẹ́, wọ́n ti sáré dé famasí ìta lẹ́ẹ̀mẹta, owó ti tán, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wọn láti àárọ̀. Ìwọ tó o wọ aṣọ funfun lo kọ́kọ́ kọjá níwájú wọn.

Dúró níwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí wọn, kí ọ̀nà àbájáde wà lẹ́yìn ẹ. Mú ohùn sílẹ̀ ju tiwọn lọ. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Kó o wá pe ohun tó ń bí wọn nínú lórúkọ: "Sà, láti aago mẹ́jọ lẹ ti gbé oògùn dé, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fún bàbá yín. Ó yẹ kó dùn yín." Lẹ́yìn yẹn ni ohun tó o lè ṣe: "Mi ò láṣẹ láti fún wọn fúnra mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá nọ́ọ̀sì tó láṣẹ, báyìí."

Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ jáde: "ẹ fara balẹ̀", "kì í ṣe èmi ni", "ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí ni?" Epo ni wọ́n lórí iná.

Tí wọ́n bá bi ẹ pé "kí ló ń ṣe bàbá mi gan-an?", má purọ́ pé o ò mọ̀, má sì sọ ọ́. "Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wá ni. Dókítà ló máa sọ ọ́ fún yín, mo fẹ́ lọ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ráyè rí yín." Òfin Ìlera ti Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 26, ló ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n lòun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 náà sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń lọ nípa ara ẹ̀. Torí náà má fi àṣírí bojú kó o máa lé wọn, wá ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè tàbí tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ẹ, kúrò níbẹ̀, pe síkiọ́rítì. Kò sí sùúrù tó ní kó o dúró jẹ ìgbátí.

Àyẹ̀wò: ohùn wọn ti ń wálẹ̀, wọ́n ti ń bi ẹ ní ìbéèrè dípò kí wọ́n máa bú ẹ.

8. Tí aláìsàn bá kú

Kì í ṣe ìwọ lo máa sọ ọ́. Tí ọmọ wọn bá bá ẹ pàdé lọ́nà, "ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ bá dókítà" tó. Tìẹ ni láti wá àga, láti fa kọ́tìnì, láti dúró tì wọ́n. Tí dókítà bá ti sọ ọ́, "ẹ kú ara fẹ́ra kù", kó o dákẹ́. Má sọ pé ó ti tó àsìkò, má sọ pé ẹ̀yin náà á tún bímọ míì. Jẹ́ kí wọ́n sunkún bó ṣe wù wọ́n.

Tí omijé bá bọ́ lójú tìẹ náà, kò burú. Ìgbà tó bá di pé àwọn ni wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, lọ síta, ṣe mímí ti ìpele kìíní, padà wá.

9. Kó o tó sùn

Wá ẹnì kan tí ẹ jọ wà lórí wọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ sọ ọ́, láìdá orúkọ aláìsàn. Tàbí kó o kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́fà: kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe rí lára mi, kí ló dáa níbẹ̀ kí ni kò dáa, kí ló fà á, kí ni mi ò bá tún ṣe, kí ni máa ṣe lọ́jọ́ míì. Ìlànà Gibbs tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì ni, ti ọdún 1988, a kàn ń ṣe é bíi pé ìdánwò nìkan ló wà fún.

Má gbé e sórí status. Kódà tó o bo ojú, àwọn èèyàn ẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n mọ ọjọ́ yẹn.

Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí o ò sùn dáadáa, tí oúnjẹ ò wọ̀ ẹ́, tí àyà ẹ ń já ní gbogbo ìgbà tó o bá rí gééètì ọsibítù, tàbí tó ò ń rò pé kó o kúkú má sí mọ́, lọ bá olùkọ́ tó o fọkàn tán tàbí agbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní "gbogbo wa la la irú ẹ̀ kọjá", lọ bá ẹlòmíì.